Ìrìn òwúrọ̀ kan nínú Igbó Ọ̀ṣun: ẹ wá sọ tiyín

Ọmọ Aláró, Òṣogbo

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Mo ti ka ìtàn àwọn tó gun òkè Ìdànrè lójú ewé wa yìí, mo sì ti ka ti àwọn tó lọ wo omi Olúmirin tó ń já bọ́ láti orí àpáta. Ó wù mí kí n sọ ti Igbó Ọ̀ṣun, igbó òrìṣà tó wà ní Òṣogbo níbí, tí kò béèrè agbára lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, torí pé ẹni tí mo bá lọ kò ní agbára orúnkún mọ́.

Màmá mi ni. Ẹni ọdún 74 ni wọ́n. Àárín Òṣogbo ni wọ́n ti bí wọn, nínú agbo ilé aláró, wọ́n sì máa ń bá ìyá wọn lọ sẹ́bàá odò nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Láti ìgbà tí wọ́n ti lọ sílé ọkọ, wọn ò wọ inú igbó náà mọ́. Mo bi wọ́n léèrè rí, wọ́n ní, “Mo ti di ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnu ayé sì pọ̀.” Nínú oṣù kejì ọdún yìí ni wọ́n kàn dédé sọ nídìí oúnjẹ pé àwọn fẹ́ tún fojú kan igbó náà kí ẹsẹ̀ àwọn tó kọ̀. Mi ò béèrè ohun tó yí wọn lọ́kàn padà. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni kẹ̀kẹ́ Màrúwá já wa sílẹ̀ lẹ́nu géètì.

Ẹni tó bá ti gbé Òṣogbo nínú ẹ̀ẹ̀rùn mọ bí oòrùn aago mẹ́jọ ṣe máa ń rí. Bí a ṣe rìn díẹ̀ wọ abẹ́ igi báyìí, gbogbo ooru yẹn ré kúrò lára wa, bí ìgbà tí èèyàn bá ti ìta wọ ilé alámọ̀. Ariwo ọ̀kadà náà rẹlẹ̀, ó rẹlẹ̀, títí ó fi ku ìró ewé gbígbẹ lábẹ́ bàtà wa. Ilẹ̀ tẹ́jú. Ọ̀nà náà mọ́, ó sì fẹ̀. Màmá mi ń tẹ ọ̀pá wọn díẹ̀díẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń mú wa kiri sì ń dúró dè wọ́n láìkánjú, ó ń pè wọ́n ní Màmá bí ẹni pé òun gan-an ni ọmọ wọn.

Gbogbo igbó náà jẹ́ hẹ́kítà 75. Ó ju pápá bọ́ọ̀lù 100 lọ tí a bá tò wọ́n pọ̀, ṣùgbọ́n kò tóbi rárá tí a bá rántí bí igbó kìjikìji ṣe bo gbogbo ilẹ̀ yìí tẹ́lẹ̀. Ohun tó ṣẹ́ kù nìyí. Wọ́n ti ka irú ewéko tó lé ní 400 níbẹ̀, èyí tó lé ní 200 nínú wọn ni wọ́n sì mọ̀ mọ́ ìwòsàn. Òfin ibẹ̀ kò sì ṣòro: má gé igi, má dọdẹ, má pẹja.

Ẹ má bínú, mi ò ní sọ púpọ̀ nípa àwọn ère. Wọ́n lẹ́wà, ẹ lọ wò wọ́n. Ṣùgbọ́n mo rí i lọ́jọ́ yẹn pé ọ̀pọ̀ àlejò ló ń sáré láti ère dé ère, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á padà sínú mọ́tò, wọn ò sì gbójú sókè wo igi kan ṣoṣo. Àdùnní Olórìṣà fúnra rẹ̀, Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà ọmọ ilẹ̀ Austria tó dé orílẹ̀-èdè wa ní 1950, kò gbé ère wọ ibẹ̀ kí ó kàn lè dùn ún wò. Àwọn kan ti ń gé igi igbó náà nígbà náà, àwọn mìíràn ń lépa ilẹ̀ rẹ̀. Òun àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú wa fi ère àti ògiri sàmì sí i pé ibi yìí ní ẹni tó ni ín. Ní 1965, ìjọba fi òfin dáàbò bo apá kan rẹ̀. Ní 2005, UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, kọ ọ́ mọ́ àwọn ogún tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú. Àdùnní kú ní Òṣogbo ní 2009. Màmá mi ní àwọn máa ń rí obìnrin funfun náà lójú pópó nígbà tí àwọn wà lọ́mọge, pé Yorùbá ló ń sọ.

Nídìí igi ńlá kan tí gbòǹgbò rẹ̀ yọ sókè bí ògiri ni wọ́n ti jókòó sinmi. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ ìtàn tí gbogbo ọmọ Òṣogbo mọ̀: bí ọ̀dá omi ṣe lé Lárọ́òyè àti Tìmẹ́hìn ọdẹ wá sétí odò, bí wọ́n ṣe gé igi, tí igi wó sínú omi, tí ohùn sì dìde láti ìsàlẹ̀ odò pé gbogbo ìkòkò aró òun ni wọ́n ti fọ́ tán. Màmá mi gbọ́ ọ dé ibẹ̀, wọ́n gbé ọwọ́ sókè dá a dúró.

“Ọmọ mi, ṣé o mọ ohun tí ìkòkò aró jẹ́?”

Ó ní ìkòkò tí wọ́n fi ń rẹ aṣọ ni.

Wọ́n ní rárá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, mo sì jókòó ti wọ́n, torí èmi náà kò gbọ́ ọ rí ní kíkún. Wọ́n ní a óò já ewé èlú tútù, a óò gún un lódó, a óò ṣù ú rogodo, a óò sá a sóòrùn. A óò wá igi jó, a óò da eérú rẹ̀ sínú ìkòkò tó ní ihò nídìí, a óò máa da omi sí i kí ó máa kán sínú ìkòkò ìsàlẹ̀. Omi eérú yẹn ni a óò fi rẹ èlú, a óò dé e, a óò máa rò ó, a óò máa gbóòórùn rẹ̀ lójoojúmọ́. Ọ̀sẹ̀ kan lè lọ kí ó tó ṣeé lò. Bí omi eérú bá le jù, ó bàjẹ́; bí kò bá le tó, aṣọ kò ní gbà á. “Ìyá mi máa ń jí lóru lọ yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni yẹ ọmọ tó ń ṣàìsàn wò. Bí wọ́n bá fọ́ ìkòkò aró fún ọ, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mélòó ló dà sílẹ̀ yẹn? Owó oúnjẹ ọmọ ló dà sílẹ̀ yẹn. Ìdí tí odò fi kígbe nìyẹn.”

Mo ti ń gbọ́ ìtàn yẹn láti kékeré, mo sì máa ń rò pé ìkòkò kàn wà níbẹ̀ kí ìtàn lè dùn ni. Mi ò mọ̀ pé obìnrin oníṣẹ́ ọwọ́ kan ló ń sunkún iṣẹ́ rẹ̀. Igi kan ṣoṣo ni wọ́n gé o! Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn tó tẹ̀ ìlú dó ti bá a dá májẹ̀mú, igbó yẹn sì dúró di òní.

A tún rìn díẹ̀. Ọ̀bọ kan sọ̀ kalẹ̀, ó gba ọ̀rá ẹ̀pà lọ́wọ́ mi, ó sì ti dé orí ẹ̀ka kí n tó pariwo. Ẹ má di oúnjẹ mọ́wọ́ níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Màmá dúró lójijì. Wọ́n nawọ́ ọ̀pá sí ewé kan tó rọ̀ mọ́ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. “Èlú nìyí.” Wọ́n na ọwọ́ òsì sí i, ọwọ́ náà dúró lójú afẹ́fẹ́, wọ́n sì fà á padà. Wọn ò já a. Wọ́n kàn dúró tì í fún ìgbà pípẹ́, ojú wọn kún fún omi. Èmi náà kò lè sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ odò ló ń dùn mí. A dé etí rẹ̀, ó pupa bí omi tí wọ́n fi po amọ̀, nínú ẹ̀ẹ̀rùn tí ó yẹ kí ó mọ́ kedere. Wíwa góòlù lókè odò, níhà Ìjẹ̀ṣà, ló ń da ilẹ̀ sínú rẹ̀. Ní 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ wá sọ́dún Ọ̀ṣun pé kí wọ́n má mu ún. Màmá mi mu omi yẹn dàgbà. Wọ́n wò ó, wọ́n ní, “Wọ́n tún ti fọ́ ọ.”

Gbogbo ìrìn wa kò ju wákàtí mẹ́ta lọ, pẹ̀lú ìsinmi. Ẹ wá sọ ti igbó tiyín.

Ará Oakland

Ọmọ Aláró, ẹ bá mi kí Màmá. Ìlú òyìnbó ni tèmi. Igbó kan wà lẹ́bàá San Francisco, Muir Woods ni wọ́n ń pè é. Èmi, ọkọ mi àti àwọn ọmọ wa méjì la lọ. Ẹ gba ààyè mọ́tò sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó kúrò nílé o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn ò ní jẹ́ kí ẹ dúró. Pákó ni wọ́n tẹ́ sójú ọ̀nà, tó bẹ́ẹ̀ tí kẹ̀kẹ́ ọmọ ń gbà á kọjá.

Redwood ni igi ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ti lo 500 ọdún sí 800, òmíràn ga ju mítà 75 lọ. Òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ níbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn; kùrukùru ló ń ti inú òkun wọlé, tí ewé ń gbà á, tí ó sì ń kán sílẹ̀ fún gbòǹgbò mu. Ìtàn rẹ̀ jọ tiyín díẹ̀. Iléeṣẹ́ omi kan fẹ́ sé odò ibẹ̀ kí omi bo gbogbo igi mọ́lẹ̀. William Kent àti ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n ti ra ilẹ̀ náà, fi í ta ìjọba Amẹ́ríkà lọ́rẹ, Ààrẹ Theodore Roosevelt sì sọ ọ́ di ibi àìgbọdọ̀fọwọ́kàn ní 1908.

Ohun tó mú mi lọ́kàn ni bí igi náà ṣe ń bímọ. Bí ìyá igi bá wó tàbí tó jóná, ọmọ á hù yí ìdí rẹ̀ ká, wọ́n á dúró ní òbìrí, ojú ibi tí ìyá wà á ṣófo láàárín wọn. Mo dúró sáàárín ibẹ̀, ohun tí bàbá mi máa ń sọ jáde lẹ́nu mi: bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, ọmọ rẹ̀ ní í rọ́pò rẹ̀. Ó ti pé ọdún méjì tí a sin wọ́n ní Iléṣà, mi ò sì rí ààyè lọ. Abẹ́ igi yẹn ni mo ti sunkún wọn dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́. Àbígbẹ̀yìn mi di ẹsẹ̀ mi mú, kò sì béèrè nǹkan kan.

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Ará Oakland, Ọlọ́run á tu yín nínú. Ọmọ Aláró, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọmọ ọdún márùn-ún lè rìn ín? Ìgbà wo ló sì dára jù? Mo fẹ́ kó àwọn ìbejì mi wá.

Ọmọ Aláró, Òṣogbo

Ìyá Ìbejì, wọ́n lè rìn ín dáadáa. Ẹ wọ̀ wọ́n ní bàtà tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀ àti ẹ̀wù alápá gígùn nítorí kòkòrò, kí ẹ sì gbé omi. Inú oṣù kẹjọ ni ọdún Ọ̀ṣun, èrò máa ń pọ̀ púpọ̀. Bí igi lẹ fẹ́ wò, ẹ wá lóṣù mìíràn, ní òwúrọ̀. Ẹ ní kí ẹni tó ń mú yín kiri rọra máa lọ.

Ará Oakland, mo ka tiyín fún Màmá. Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé wọ́n ti gbàdúrà fún yín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí náà. Ọ̀sẹ̀ tí a dé ni wọ́n rán mi lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ wọn kan tí kò tíì fi iṣẹ́ aró sílẹ̀, kí n bá wọn ra èlú ṣíṣù. Ìkòkò méjì wà ní ẹ̀yìnkùlé wa báyìí, eérú ń sẹ́ nínú ọ̀kan. Lánàá ni wọ́n kọ́kọ́ ri ìdajì ọ̀pá tẹ́ẹ́rù funfun sí i. Ó jáde ní àwọ̀ ewé, afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, ó sì ń di búlúù lójú wa. Mo pariwo ayọ̀. Màmá gbé e sójú oòrùn, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní kò tíì dúdú tó. Wọ́n ní kí n gbé e padà wá, ká tún un rì.