Iṣẹ́ ọwọ́ Àgùdà l'Ékòó: ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ wá ṣàlàyé

Nínú ìkòkò ni ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó ti ń bá àwọn Àgùdà pàdé láìfura. Àwọn Àgùdà yìí, ìyẹn àwọn tó ti Brazil padà dé, ló gbé frejon Ọjọ́ Ẹtì Rere wá, ìyẹn ẹ̀wà lílọ tí wọ́n fi wàrà àgbọn sè.

Ife ẹ̀wà mẹ́ta, àgbọn ńlá méjì. Ẹ̀wà dúdú ló dáa jù. Olóyin náà ṣe é lò. Ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, kẹ́ ẹ sè é láìfi iyọ̀ sí i títí yóò fi rọ̀ dáadáa. Ẹ rin àgbọn, kẹ́ ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún un. Wàrà àkọ́kọ́ tó ki, ẹ yà á sọ́tọ̀. Ẹ tún omi dà sórí èérí rẹ̀, wàrà kejì yìí lẹ ó fi lọ ẹ̀wà. Ẹ sẹ́ ẹ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ èèpo á máa ha ọ̀fun. Ẹ wá gbé e ka iná jẹ́jẹ́, kẹ́ ẹ fi ṣúgà sí i, kẹ́ ẹ di kànáfùrù márùn-ún sínú aṣọ mímọ́ jù sí i. Ẹni tó bá lọ kànáfùrù mọ́ ọn, kíkorò ló ń wá. Ẹ má dẹwọ́ ríròó, torí ìdí ìkòkò ló ń kọ́kọ́ jó. Wàrà tó ki ló kẹ́yìn. Tó bá hó kíkankíkan, òróró á yọ lọ́tọ̀. Ọbẹ̀ ata, ẹja díndín, gààrí wíwọ́n sórí. Ó tán.

*

Ẹ kú iṣẹ́, ìyá wa. Ti ilé ni tèmi.

Ògiri àwọn ilé àtijọ́ ní agbègbè Campos, àdúgbò àwọn Àgùdà ní Erékùṣù Èkó, nípọn. Ìkarahun tí wọ́n jó, tí wọ́n fi omi pa, ìyẹn ẹfun ìkarahun, ni wọ́n pò mọ́ iyanrìn láti rẹ́ ẹ. Omi ilẹ̀ Èkó máa ń gun ògiri, ohun tí wọ́n fi rẹ́ ẹ yìí sì ń jẹ́ kó gbẹ jáde. Àwọn bíríkìlà òde òní á wá fi sìmẹ́ǹtì bò ó. Omi á há sínú, ògiri á wú, á sì já lulẹ̀ tòun ti amọ̀ inú rẹ̀. Ẹ fi ìka kàn án: tó bá ń dún bí agbè òfìfo, ó ti ṣí kúrò lára ògiri.

Àtúnṣe rẹ̀: ẹ họ sìmẹ́ǹtì náà kúrò, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ẹ̀ẹ̀rùn kan fẹ́ sí i. Ìwọ̀n kan ẹfun ìkarahun sí mẹ́ta iyanrìn, kẹ́ ẹ rẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ní ìpele-ìpele, kẹ́ ẹ fi àpò tútù bò ó kí oòrùn má baà là á.

*

Ẹ má gbàgbé àwọn Sàró o, àwọn tó ti Sierra Leone padà dé! Mọ́sáláṣí Shitta-Bey ní Martins Street, 1894: Mohammed Shitta Bey, tí wọ́n bí ní Sierra Leone, ló náwó rẹ̀, João Baptista da Costa, Àgùdà, ló kọ́ ọ. Owó àlejò, ọwọ́ àlejò.

*

Wọ́n wó Ilojo Bar, ilé Àgùdà àtijọ́ kan ní Tinubu, ní 2016, bẹ́ẹ̀ ìjọba ti kà á mọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láti 1956. Ẹni tó bá fẹ́ tún irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe, kó ya fọ́tò gbogbo ọ̀ṣọ́ òdòdó ara ògiri rẹ̀, kó fi páálí gé àwòrán ìlà abẹ́ òrùlé kó tó fọwọ́ kan ògiri. Bó bá ti já lulẹ̀, kò sí ohun tí bíríkìlà yóò máa wò ṣe.