Iná ẹ́ńjìnnì tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù mi, ṣé mo ṣì lè wà á dé Ẹ̀gbẹ̀?

Ọmọ_Ìyàrà
Okun o ẹ̀yin ará. Mọ́tò mi, tókúnbọ̀ 2006 tó wá láti Amẹ́ríkà, mo ń ti Lọ́kọ́jà bọ̀, mo gba Obajana, kí n tó dé Kabba ni iná yẹ́lò tó rí bí ẹ́ńjìnnì yẹn bá tàn. Kò gbóná o, ṣùgbọ́n tí mo bá ń gun òkè ó máa ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀. Mẹkáníìkì ní kí n yọ orí bátìrì kí n dá a padà, iná kú lóòótọ́, ilẹ̀ mọ́ ó tún tàn. Ó wá ní sẹ́ńsọ̀ ni (ohun tó ń ṣọ́ ẹ́ńjìnnì fún kọ̀ǹpútà mọ́tò), kí n lọ mówó wá. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ mo fẹ́ gbé màmá mi lọ ọsibítù ní Ẹ̀gbẹ̀, ọkàn mi ò balẹ̀ rárá.

Rìwáyà_Mopa
Àbúrò, má tíì fún ẹnikẹ́ni lówó. Ṣé iná yẹn dúró ni àbí ó ń ṣẹ́jú? Tó bá dúró, tí mọ́tò sì ń lọ dáadáa, o lè rọra wà á títí wàá fi rí ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò. Tó bá ń ṣẹ́jú, ẹ́ńjìnnì ń mísì nìyẹn, epo tí ò jóná ń lọ sínú sàlẹ́ńsà, ó sì lè jó kátálíìsì inú ẹ̀ tó ń fọ èéfín mọ́ bà jẹ́, má gbé e jìnnà. (Iná pupa tó rí bí agolo ọ́ìlì ọ̀tọ̀ ni tiẹ̀ o, tí ìyẹn bá tàn, pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀.)

Orí bátìrì tí wọ́n ní kó o yọ yẹn dùn mí. Kọ̀ǹpútà mọ́tò máa ń kọ kóòdù, ìyẹn àmì ohun tó ń ṣe mọ́tò, sílẹ̀ nígbà tí iná bá tàn, ó tún máa ń kọ bí mọ́tò ṣe ń sáré tó àti bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó lásìkò yẹn, tó o bá ti yọ bátìrì gbogbo ẹ̀ ló parẹ́, ohun tó ń ṣe mọ́tò ò sì kúrò. Gbogbo mọ́tò kékeré tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti 1996 ló ní ojú ihò 16 kan lábẹ́ sítíárì, ibẹ̀ ni wọ́n ń ki sikánà, ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù, bọ̀. Fi ọwọ́ ara ẹ kọ kóòdù yẹn sílẹ̀. Kóòdù ò sì sọ pé "pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀" o, P0171 bí àpẹẹrẹ, ó ní afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ, ó lè jẹ́ rọ́bà tó ya lẹ́yìn fílítà afẹ́fẹ́, ó lè jẹ́ pọ́ǹpù epo tí ò lágbára mọ́, sẹ́ńsọ̀ tó rí i tó sọ, kí ló ṣe?

Ìyá_Gbẹ́dẹ̀
Ẹ tún yẹ ìdérí táǹkì wò, ṣebí ó sọ pé òun ń ti ìrìn àjò bọ̀, ta ló mọ̀ bóyá ó ra epo. Tí ò bá dé dáadáa iná lè tàn, tó o bá sì dé e tán kì í kú lójú ẹsẹ̀, ó máa ń tó ọjọ́ mélòó kan. Ẹ ṣí fílítà afẹ́fẹ́ náà, eruku ọ̀nà Obajana yẹn kì í ṣe kékeré. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra tókúnbọ̀, ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ láì tíì tá a: iná yẹn gbọ́dọ̀ tàn. Tí ò bá tàn, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti yọ gílóòbù ẹ̀ ni.

Ọmọ_Ìyàrà
Ẹ ṣeun gan-an. Ó ṣẹ́jú lóòótọ́ lórí òkè. Wọ́n fi sikánà wò ó ní Kabba, P0302 ló gbé wá.

Rìwáyà_Mopa
Sìlíńdà kejì ló ń mísì. Jẹ́ kí wọ́n fi kọ́ìlì (ohun tó ń fún plọ́ọ̀gì ní iná) ti kejì sáyè ti àkọ́kọ́, kí ti àkọ́kọ́ wá sáyè ti kejì, kí wọ́n pa kóòdù, kó o wà á díẹ̀. Tó bá di P0301, kọ́ìlì yẹn ló kú. Tó bá ṣì wà ní P0302, ẹ wo plọ́ọ̀gì àti nọ́súlù tó ń fọ́n epo síbẹ̀.

Ọmọ_Ìyàrà
Ẹ̀gbọ́n, ó di P0301! Kọ́ìlì kan péré ni mo rà, a sì pààrọ̀ plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin torí wọ́n ti jẹ tán. Kò gbọ̀n mọ́ lórí òkè, iná ò sì tíì padà.