Ìmọ̀ràn: ohun orin oníke ti géèmù àbí ojúlówó, fún ìbejì ọmọ ọdún 12?

Ìyá_Ìbejì:
Ẹ kú ilé o. Táíwò fẹ́ máa ta gìtá, Kẹ́hìndé ń wá ìlù jáàsì. Ọmọ ọdún 12 ni wọ́n, géèmù olórin tí wọ́n ń gbá ló sì kó ìfẹ́ yìí sí wọn lára. Láptọ́ọ̀pù wà nílé. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì òkè là ń gbé, àwọn ará ìsàlẹ̀ ò sì ní gba ariwo. Ṣé kí n ra gìtá oníbọ́tìnì àti ìlù oníke tí wọ́n fi ń gbá géèmù, àbí kí n ra ojúlówó? Kí ni géèmù ń kọ́ ọmọ tó máa wúlò fún un tó bá di ohun orin gidi mú?

Lùlùjáàsì:
Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ò dọ́gba, ẹ má fi ojú kan náà wò wọ́n. Nínú gbogbo géèmù olórin, ti ìlù ló sún mọ́ ojúlówó jù. Ìlù Rock Band, tó jáde ní 2007, ní ojú mẹ́rin àti pẹ́dà kan: pupa ni snare (ìlù tó wà láàárín ẹsẹ̀ onílù), yẹ́lò ni hi-hat (àwo irin méjì tí pẹ́dà ń pa dé), búlúù àti gírìnì wà fún tom (àwọn ìlù yòókù) àti cymbal (àwo irin), ìlà aláwọ̀ ọsàn tó dábùú gbogbo ojú ọ̀nà tí nóòtì ń gbà wá sì ni kick (ìlù ńlá tí ẹsẹ̀ ń lù). Lórí ipele Expert, tó le jù, ohun tí ọmọ ń lù fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ohun tí onílù lù nínú orin yẹn gan-an. Kí ọwọ́ ọ̀tún máa bá hi-hat lọ, kí òsì mú snare, kí ẹsẹ̀ tẹ kick láìjẹ́ pé ọ̀kan ń fa èkejì sẹ́yìn, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń jókòó sí. Géèmù ń kọ́ni ní èyí dáadáa.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní ní kí ẹ ra ìlù oníke. Ẹ ra ìlù oníná tó ní ojú ihò USB, tí awọ rẹ̀ jẹ́ mesh (àwọ̀n), kí ẹ so ó mọ́ Clone Hero, géèmù olórin orí kọ̀ǹpútà. Ọ̀fẹ́ ni Clone Hero, ó sì ń gba MIDI, ìyẹn nọ́ńbà tí ìlù oníná ń fi ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà. Ẹ tan ìlù kí ẹ tó ṣí géèmù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ géèmù lè má rí i. Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣètò controls, ẹ mú ìlù, kí ọmọ wá máa lu ojú kọ̀ọ̀kan kí ẹ fi yan àwọ̀ fún un. Nọ́ńbà tí ọ̀pọ̀ ìlù oníná ń fi ránṣẹ́ ni 36 fún kick, 38 fún snare, 49 fún crash, 51 fún ride (àwo irin ni méjèèjì). Hi-hat ló máa ń da èèyàn láàmú: 42 ni tó bá pa dé, 46 ni tó bá ṣí. Méjèèjì ni kí ẹ so mọ́ yẹ́lò. Tí ẹ bá so 42 nìkan, gbàrà tí ẹsẹ̀ òsì bá kúrò lórí pẹ́dà hi-hat ni géèmù máa ní ọmọ ò lu nǹkan kan.

Tí ìlù ẹ̀ẹ̀kan bá ń ka ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ fi kún retrigger lórí àpótí ìlù náà. Tí ẹ bá lu tom tí snare ń dáhùn, crosstalk ni, ìyẹn náà ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe é lórí àpótí yẹn. Ẹ ṣe é lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ọmọ tí géèmù bá ń fi irọ́ já ní combo (iye tó lù léra láìṣì) máa bẹ̀rẹ̀ sí í rọra fọwọ́ kan ìlù bí ẹni ń fọwọ́ kan ẹyin, ó sì pẹ́ kí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ tó kúrò lára.

Ní ti ará ìsàlẹ̀, ojú mesh ò ní dà wọ́n láàmú, kick ló máa dà wọ́n láàmú. Ìgbòǹtìtì rẹ̀ ń gba inú ilẹ̀ kọjá, káàpẹ́ẹ̀tì nìkan ò sì lè dá a dúró. Pákó plywood méjì ni wọ́n ń lò: wọ́n á gbẹ́ ihò sára ti ìsàlẹ̀, wọ́n á ju bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì sínú àwọn ihò náà kó yọ orí díẹ̀, wọ́n á wá gbé ti òkè lé e. Gbogbo ìlù àti àga onílù ló máa wà lórí rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra kí pákó náà má kan ògiri.

Ibi tí géèmù ò ti ranni lọ́wọ́: lórí ọ̀pọ̀ orin, kò bìkítà bóyá ọmọ lù jẹ́jẹ́ tàbí ó lù kíkan, máàkì kan náà ni ó máa fún un. Kò wo bó ṣe di ọ̀pá mú. Ó sì máa ń forí ji ẹni tó bá yá jù tàbí tó pẹ́ díẹ̀. Tí orin bá wà ní 120 BPM (ìlù 120 ní ìṣẹ́jú kan), ìlù kan jẹ́ millisecond 500, ìdá mẹ́rin rẹ̀ sì jẹ́ 125. Èèyàn lè fi apá kan nínú 125 yẹn ṣáájú, kí géèmù ṣì kà á sí dáadáa, àmọ́ tí onígìtá báàsì bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ló máa gbọ́ pé wọn ò jọ rìn. Ẹ fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú metronome (ẹ̀rọ tó ń ka ìlù), láìsí géèmù, kó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ.

OkùnMẹ́fà:
Mo fara mọ́ ti ìlù. Gìtá ni ibi tí irọ́ pọ̀ sí jù.

Gìtá Guitar Hero, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2005, ní bọ́tìnì márùn-ún àti ọ̀pá kan tí wọ́n ń ta sókè sísàlẹ̀. Ó ń kọ́ ọmọ bí ọwọ́ òsì àti ọ̀tún ṣe ń pàdé lásìkò kan náà, ó sì ń jí ìka ọmọńdinrín tí ọ̀pọ̀ akọ́gìtá kì í lò. Ó tán síbẹ̀. Kò sí okùn tí wọ́n ń tẹ̀, kò sí yíyan okùn kan láàárín mẹ́fà, kò sí fífi ẹran ìka pa ohùn okùn tí a ò fẹ́. Ẹni tó ń gba ìràwọ̀ márùn-ún lórí Expert lè má lè kúrò lórí kọ́ọ̀dù (nóòtì mélòó kan tí wọ́n ń ta pọ̀) G bọ́ sí C láìdúró.

Ojúlówó gìtá oníná ni kí ẹ rà fún Táíwò. Tí wọn ò bá so ó mọ́ spíkà, ará ìsàlẹ̀ ò ní gbọ́ nǹkan kan. Ọmọ ọdún 12 tí ọwọ́ rẹ̀ ò kéré lè lo èyí tí okùn rẹ̀ gùn ní ínǹṣì 25.5 bíi Stratocaster, àmọ́ 24 tàbí 24.75 máa rọ̀ ọ́ lọ́rùn jù. Okùn tó nípọn ní ínǹṣì .009 sí .042 ni kí wọ́n fi sí i. Níbi tí ẹ bá ti fẹ́ rà á, ẹ wo àlàfo tó wà láàárín okùn àti fret (irin tó dábùú ọrùn gìtá) kejìlá: bíi mìlímítà 2 ló dára. Tó bá ga ju ìyẹn lọ púpọ̀, ọmọ máa rò pé òun ò ní ẹ̀bùn, bẹ́ẹ̀ gìtá ló ní àìsàn. Kí ẹni tó bá yín lọ ta fret kọ̀ọ̀kan lórí okùn kọ̀ọ̀kan, kó gbọ́ bóyá èyíkéyìí ń hàn yánhun-yànhun.

Tó bá jẹ́ géèmù ló ń fà á mọ́ra, géèmù tó ń lo ojúlówó gìtá wà. Rocksmith ti Ubisoft ti wà láti 2011, wáyà tó ní orí gìtá lápá kan àti USB lápá kejì ni wọ́n fi ń so ó. Rocksmith+ tó dé sórí kọ̀ǹpútà ní 2022 tún lè fi fóònù ṣe máíkì, àmọ́ owó àsansílẹ̀ ni wọ́n ń gbà lórí rẹ̀. Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀: géèmù yẹn máa ń yọ nóòtì kúrò nínú orin kó lè rọrùn, kó tó máa dá wọn padà díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ ọmọ á ti mọ ọ̀nà kan lára, wọ́n á tún yí i padà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ lọ sí Riff Repeater, ibi tí wọ́n ti ń tún apá kan orin tà, ẹ gbé nóòtì sí 100%, kí ẹ wá fa eré orin wálẹ̀ sí bíi 60%. Tó bá ta apá kan dáadáa lẹ́ẹ̀mẹta léra, ẹ fi 5% kún un.

Earpiece oníwáyà ni kó lò. Ti Bluetooth ń dá ohùn dúró ju èyí tí etí lè fara dà lọ. Tí géèmù bá ń sọ pé ó ṣì í nígbà tí ó tà á re, ẹ kọ́kọ́ wo ohùn okùn: E A D G B E. Okùn tuntun máa ń fà, ẹ ṣètò rẹ̀, ẹ fọwọ́ fà á díẹ̀, ẹ tún un ṣètò. Tí ohùn bá re síbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ọmọ máa tẹ okùn le jù, èyí sì ń gbé ohùn sókè.

Tòkunbọ̀_Lọjà:
Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ ò jẹ́ kí ọmọ ṣeré rárá! Gìtá oníbọ́tìnì ò burú tó bá jẹ́ fún ìgbádùn. Ìyá Ìbejì, tí ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀ ní Alaba tàbí Ìkẹjà, ẹ gbọ́ èyí kí wọ́n má ta ike lásán fún yín. Gìtá PS3 ní USB kékeré tirẹ̀ tó ń gba ìró rẹ̀. Tí èyí bá ti sọnù, ẹ fi gìtá náà sílẹ̀, torí ti òmíràn kì í sábà bá a ṣiṣẹ́. Ti Xbox 360 aláìníwáyà nílò receiver ti Windows. Ti Wii máa nílò adapter tó ń sọ ọ́ di USB. Guitar Hero tó ní ọrùn yíyọ: ẹ yọ ọ́, ẹ wo àwọn irin kékeré tó wà níbi ìsopọ̀. Tí wọ́n bá ti dúdú, bọ́tìnì kan tàbí méjì á máa sùn. Òwú àti isopropyl alcohol ló ń tún un ṣe. Ẹ ta ọ̀pá rẹ̀ sókè sísàlẹ̀ léraléra níwájú ẹni tó ń tà á. Tí ẹ̀ẹ̀kan bá di ẹ̀ẹ̀mejì, switch inú rẹ̀ ti jẹ nìyẹn.

Tẹ̀dùùrù:
Ẹnikẹ́ni ò béèrè lọ́wọ́ mi, àmọ́ tí ọ̀kan nínú wọn bá yí ọkàn padà sí kíbọ́ọ̀dù: bọ́tìnì 61, kó jẹ́ èyí tó mọ títẹ̀ jẹ́jẹ́ yàtọ̀ sí títẹ̀ kíkan, kó ní USB. Synthesia, géèmù kíbọ́ọ̀dù orí kọ̀ǹpútà, ń dúró de ọmọ títí ó fi tẹ nóòtì tó tọ́. Kò mọ ìka tó fi tẹ̀ ẹ́, ẹ̀yin lẹ máa ṣọ́ ìyẹn.

Ọmọ_Àyàn:
Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ jáàsì. Ìlù tiwa ńkọ́? Taiko no Tatsujin, géèmù ìlù ti ilẹ̀ Japan, tó ti wà láti 2001, mọ ohùn méjì péré: àárín awọ àti etí rẹ̀. Gángan ò lè wọ inú irú ìṣirò yẹn, torí ọ̀rọ̀ ló ń sọ. Bí apá ṣe ń fún ọsán ni ohùn ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀, ó sì ń yọ́ láti ohùn kan bọ́ sí èkejì láàárín ìlù ẹyọ kan. Tí Kẹ́hìndé bá nífẹ̀ẹ́ gángan, onílù ni kó lọ bá.

Ohun kan ṣá: tí wọ́n bá fẹ́ lu jùjú tàbí fújì lórí Clone Hero, ẹ lè fi ètò kọ̀ǹpútà Moonscraper ṣe chart rẹ̀ (ìtò nóòtì tí géèmù ń tẹ̀lé) fúnra yín, ọ̀fẹ́ ni òun náà. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ orin àtijọ́ wa, wọn ò fi metronome gbà wọ́n, eré wọn ń yá ó ń fà. Tí ẹ bá kọ BPM kan ṣoṣo síbẹ̀, tí orin bá fi máa dé ìdajì, nóòtì á ti ya kúrò lára ìlù. Ẹ gbé àmì BPM tuntun sí ìbẹ̀rẹ̀ bí ìlà mẹ́rin-mẹ́rin, kí ẹ sì máa gbọ́ ọ pẹ̀lú metronome inú rẹ̀.

Ìyá_Ìbejì:
Ẹ ṣeun gan-an o, Elédùmarè á fún yín ṣe. Owó ò ní tó fún méjèèjì lẹ́ẹ̀kan. Ta ni kí n kọ́kọ́ rà fún? Kẹ́hìndé ti ń pariwo pé òun lẹ̀gbọ́n.

Lùlùjáàsì:
Ẹ̀gbọ́n ni lóòótọ́, àmọ́ kó fojú fo èyí. Ẹ ra gìtá Táíwò ṣáájú, torí kò sí ohun tó lè rọ́pò rẹ̀. Fún Kẹ́hìndé, practice pad (awọ ìdánrawò) kan àti ọ̀pá ìlù tí wọ́n ń pè ní 7A ló tó fún oṣù mẹ́ta: 5A nípọn díẹ̀ fún ọwọ́ rẹ̀. Metronome sí 60, ọ̀tún-òsì-ọ̀tún-òsì, kó máa fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ ilẹ̀ ní ìlù kìíní àti ìkẹta. Ìṣẹ́jú 10 láàárọ̀, 10 lálẹ́. Tó bá dé 100 tí ọ̀pá ṣì ń fò padà fúnra rẹ̀, tí kò fi apá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ lọ ra ìlù oníná náà.

OkùnMẹ́fà:
Kí ẹ sì mú okùn E tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù méjì dání lọ́jọ́ tí ẹ bá ra gìtá. Òun ló máa ń kọ́kọ́ já, pàápàá lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣètò ohùn rẹ̀.