Àbájáde: àyẹ̀wò H. pylori (kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé inú ikùn) tó ń sọ pé kò sí nǹkan

Ìbéèrè tí mo bi yín níjọ́sí ni pé kí ló dé tí àyẹ̀wò ìgbẹ́ kò rí kòkòrò, tí inú sì ń ta mí lókè ìdodo. Omeprazole tí mò ń lò, oògùn tó ń dín omi kíkan inú ikùn kù, ló fà á lóòótọ́, bí ẹ ṣe wí: ó ń dín kòkòrò náà kù débi pé àyẹ̀wò lè má rí i. Dókítà ní kí n dá a dúró fún ọ̀sẹ̀ 2 (tó bá jẹ́ oògùn apakòkòrò lèèyàn ń lò, ọ̀sẹ̀ 4 ni yóò fi dá a dúró), a tún un yẹ̀ wò, kòkòrò wà níbẹ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ò yanjú ẹ̀, torí èròjà tí ara fi ń bá kòkòrò jà, tí àyẹ̀wò náà ń wá, ṣì lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn tí kòkòrò ti kú tán. Oògùn ọjọ́ 14 tí wọ́n fún mi láti pa kòkòrò náà ti mú títa náà lọ. Inú ṣì ń wú díẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ. Ó ku àyẹ̀wò ìkẹyìn, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 4 lẹ́yìn oògùn, láìfẹnu kan omeprazole. Ẹ ṣé gan-an.