Ìbéèrè 12, ìjọba ìbílẹ̀ 16: bí a ṣe ń fi wọ́n dábùú ara wọn nínú SPSS, Stata àti R

Ọmọ Ìjerò, Leeds
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ní dátà fọ́ọ̀mù ìbéèrè láti ìjọba ìbílẹ̀ 16 tó wà ní Èkìtì, èèyàn 300 ló dáhùn. Ìbéèrè 12 ni, kò sí èyí tó jẹ́ iye nínú wọn, ìsọ̀rí ni gbogbo rẹ̀: ìlú, akọ tàbí abo, ibi tí wọ́n kàwé dé, iṣẹ́, omi tí wọ́n ń mu, irú ilé. Wọ́n ní kí n fi gbogbo wọn dábùú ara wọn, ìyẹn ni pé kí n ṣe àtẹ tí ìbéèrè kan wà ní ìlà, tí òmíràn wà ní òpó, kí n sì ka èèyàn tó bọ́ sí ibi tí wọ́n ti pàdé. Ṣé àṣẹ kan wà tó lè ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà, àbí kí n máa mú wọn ní méjì méjì? Nínú àwọn sọ́fúwià tí a fi ń ṣírò dátà, SPSS wà níléèwé, R sì wà lórí kọ̀ǹpútà mi.

Ọmọ Ìkọ̀lé, Calgary
Àbúrò, o kú iṣẹ́. Àṣẹ kan tó. Ní SPSS, ṣí ojú ewé Syntax, kí o kọ ọ́ báyìí:

CROSSTABS
/TABLES=omi ile iwe BY agbegbe akoabo
/CELLS=COUNT COLUMN
/STATISTICS=CHISQ PHI.

Gbogbo ohun tó ṣáájú BY ni yóò dábùú gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e, àtẹ mẹ́fà lèyí sì máa gbé jáde. Àmì ìdánudúró tó kẹ́yìn yẹn ṣe pàtàkì. Bí kò bá sí níbẹ̀, SPSS á gbà pé ọ̀rọ̀ rẹ ò tíì parí.

Ẹni tó bá ní Stata, sọ́fúwià mìíràn irú wọn: tab2 omi ile iwe agbegbe, column chi2. Á so olúkúlùkù pọ̀ mọ́ ìkejì rẹ̀. Fi firstonly kún un bí o bá fẹ́ kí ti àkọ́kọ́ nìkan dábùú àwọn yòókù. Ní R, ká ní d ni orúkọ dátà rẹ, kọ orúkọ àwọn òpó sínú awon, lẹ́yìn náà:

combn(awon, 2, function(x) table(d[x]), simplify = FALSE)

Ṣùgbọ́n ṣírò rẹ̀ wò ná kí o tó tẹ̀ ẹ́. 12 lọ́nà 11, pín in sí méjì, àtẹ 66 nìyẹn. Bí ìbéèrè bá jẹ́ 20, ó di 190. Ta ló fẹ́ ka gbogbo wọn? Mú ohun tí iṣẹ́ náà fẹ́ mọ̀ gan-an, ká ní omi mímu, kí àwọn 11 yòókù dábùú òun nìkan. Àtẹ 11 ṣeé kà láti òkè délẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n, Houston
Kó tó débẹ̀ rárá, jọ̀ọ́, fọ dátà náà. Ṣe table(d$ilu) nìkan, kí o sì fara balẹ̀ wo ohun tó jáde. Bí àwọn tó ń tẹ fọ́ọ̀mù bá lo àmì ohùn, o máa rí "Ẹ̀fọ̀n" lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan sókè, ọ̀kan sísàlẹ̀, ojú ò sì ní rí ìyàtọ̀ kankan láàárín wọn. Ẹnì kan ló tẹ ẹ alámì abẹ́ kó tó gbé ohùn lé e lórí, ẹnì kejì sì tẹ è olóhùn kó tó fi àmì sábẹ́. Lójú tiwa, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, ìlú méjì ni. Ohun tó ń tún un ṣe nìyí, láti inú stringi, àkójọ àṣẹ kan tí a ń fi kún R:

d$ilu <- stri_trans_nfc(trimws(d$ilu))

Iṣẹ́ trimws ni láti gé àlàfo tó bá fara pamọ́ sẹ́yìn orúkọ, nítorí "Adó" àti "Adó " kì í ṣe ọ̀kan náà. Ní Stata, ustrnormalize àti ustrtrim ló ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ní ti "Ado", "Adó", "ADO EKITI" àti "Ado-Ekiti", kò sí àṣẹ tó mọ̀ pé ìlú kan ni wọ́n. Ọwọ́ lo máa fi pa wọ́n pọ̀.

Ọ̀fìn kan tún wà níbẹ̀. Bí o bá fi factor to ìsọ̀rí, tí o sì ṣi orúkọ kan kọ nínú levels, R kò ní pariwo. Ṣe ló máa sọ gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ di NA (àmì pé kò sí èsì), table náà á sì fi NA pamọ́. Fi useNA = "ifany" sí i ní gbogbo ìgbà (ní Stata, missing ni). Lẹ́yìn àtẹ kọ̀ọ̀kan, tọ́jú rẹ̀ sí orúkọ kan, bíi ate, kí o sì ṣe sum(ate). Bí kò bá pé 300, wá àwọn tó sọnù kí o tó tẹ̀ síwájú.

Ọmọ Ọ̀tùn, Dublin
Ẹ̀gbọ́n Houston, ẹ ṣeun. Ibi tí iṣẹ́ yìí ti sábà máa ń bàjẹ́ ni àpótí tó ṣófo, ìyẹn ibi tí ìlà àti òpó àtẹ ti pàdé tí kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Èèyàn 300 sí ìjọba ìbílẹ̀ 16, bíi 19 ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí omi bá ní ìsọ̀rí mẹ́fà (omi ẹ̀rọ, kànga ẹ̀rọ, kànga ọwọ́, odò, òjò, omi inú ọ̀rá), àpótí di 96, èèyàn mẹ́ta péré ló sì kan àpótí kọ̀ọ̀kan. Fi ìwé onípele márùn-ún àti akọ tàbí abo kún un, ó di 960. Àpótí tó ju ìdajì lọ ló máa ṣófo, bó ti wù kí sọ́fúwià dára tó.

Chi-square ni ìdánwò tó ń wò ó bóyá ìbéèrè méjì ní ìbátan. Kí a tó gbà á gbọ́, iye tí a ń retí nínú àpótí bí ìbátan kankan kò bá sí la máa ń wò, kì í ṣe iye tí a kà. Àròpọ̀ ìlà lọ́nà àròpọ̀ òpó, pín in fún gbogbo èèyàn. Ìlà tó ní 40, òpó tó ní 30, nínú 300: mẹ́rin là ń retí níbẹ̀. Òfin tí ọ̀pọ̀ ń tẹ̀ lé ni pé àpótí tí ìretí rẹ̀ kò tó 5 kò gbọdọ̀ ju ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, kí ọ̀kankan má sì kéré sí 1. SPSS máa ń kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ àtẹ chi-square, àwọn èèyàn kì í kà á. Ní R, tẹ chisq.test(ate)$expected.

Bí kò bá tó, da ìsọ̀rí pọ̀. Ẹkùn sẹ́nétọ̀ mẹ́ta ni a ní: Ìdó-Ọ̀sì, Ìkọ̀lé, Iléjeméje, Mọ̀bà àti Ọ̀yẹ́ wà ní Àríwá, Adó, Ẹ̀fọ̀n, Ìjerò, Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì àti Ìrẹ́pọ̀dùn/Ìfẹ́lódùn wà ní Àárín Gbùngbùn, mẹ́fà yòókù, láti Ìkẹ́rẹ́ títí dé apá Òmùò, wà ní Gúúsù. Mẹ́ta lọ́nà mẹ́fà, àpótí 18, èèyàn bíi 17 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ṣeé gbé. Ṣùgbọ́n ohun tó bára mu ni kí o dà pọ̀, kí o sì pinnu rẹ̀ kí o tó rí èsì. Ẹni tó ń da ìsọ̀rí pọ̀ títí p (bó ṣe ṣeé ṣe tó kí irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ hàn bí ìbátan kankan kò bá sí) fi kéré ń tan ara rẹ̀ àti àwọn tó máa kà á jẹ.

Bí o kò bá lè dà á pọ̀, lo fisher.test ní R, ìdánwò tó ṣeé lò bí iye inú àpótí bá kéré. Lórí àtẹ ńlá, á ní ààyè ò tó. Fi simulate.p.value = TRUE àti B = 10000 sí i, á gbà.

Ọmọ Ìjerò, Leeds
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún wá ń dà mí láàmú. Ṣé ti ìlà ni àbí ti òpó?

Ọmọ Ìkọ̀lé, Calgary
"Nínú àwọn ará Àríwá, mélòó ló ń mu omi odò?" Ìbéèrè kan nìyẹn. "Nínú àwọn tó ń mu omi odò, mélòó ló jẹ́ ará Àríwá?" Ìbéèrè mìíràn ni, èsì rẹ̀ sì lè jìnnà sí ti àkọ́kọ́. Èyí tí o rò pé ó ń fa ìkejì ni kó pé ọgọ́rùn-ún. Agbègbè ló ń pinnu omi, omi kì í pinnu agbègbè, torí náà agbègbè kọ̀ọ̀kan ni kó pé ọgọ́rùn-ún. Ìdí tí mo fi kọ COLUMN lókè nìyẹn, níbi tí agbègbè ti wà ní òpó. Ní R, bí agbègbè bá wà ní ìlà, prop.table(ate, 1). Nínú àtẹ oníbéèrè mẹ́ta, bíi xtabs(~ iwe + agbegbe + omi, d), c(1, 2) lo máa fi rọ́pò 1 yẹn. Bí o bá fi 1 sílẹ̀, ìpele ìwé nìkan ló máa pé ọgọ́rùn-ún, nọ́ńbà náà á sì dà bí òótọ́ lójú ẹni tí kò yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọmọ Ìlàwẹ̀, Manchester
Àbúrò, má fo ìbéèrè kẹta yẹn o. Tẹ ftable(UCBAdmissions) sínú R. Dátà ìgbàwọlé sí ẹ̀ka mẹ́fà tó tóbi jù ní yunifásítì Berkeley, ní 1973, ni. Lápapọ̀, wọ́n gba ọkùnrin 1198 nínú 2691, ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún. Obìnrin 557 nínú 1835, ìdá 30. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ á ní wọ́n ń ti obìnrin sẹ́yìn. Wàyí o, wo ẹ̀ka A: ọkùnrin 512 nínú 825, ìdá 62, obìnrin 89 nínú 108, ìdá 82. Ẹ̀ka mẹ́rin nínú mẹ́fà ló ti gba obìnrin ju ọkùnrin lọ ní ìdá. Báwo ló ṣe rí bẹ́ẹ̀? Ọkùnrin 1385 ló forúkọ sílẹ̀ sí ẹ̀ka A àti B tí ẹnu ọ̀nà wọn gbòòrò, obìnrin 133 péré ló lọ síbẹ̀. Ibi tó há ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn lọ.

Tìrẹ náà lè rí bẹ́ẹ̀. Bí àwọn tó kàwé jù bá pọ̀ ní Adó, ìyàtọ̀ tí o rí nínú omi láàárín àgbègbè lè jẹ́ ti ìwé. Fi ìwé ya àtẹ náà sọ́tọ̀ kí o tó sọ̀rọ̀.

Ọmọ Ọ̀tùn, Dublin
Ní kúkúrú, lórí p: bí o bá dán àtẹ 66 wò ní 0.05, bíi mẹ́ta máa dà bí ẹni pé ó ní ìtumọ̀ láìjẹ́ pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Kó gbogbo p jọ, kí o lo p.adjust(p, "holm") ní R, tó ń tún wọn ṣe nítorí pé ìdánwò pọ̀. Kọ Cramér's V pẹ̀lú, nọ́ńbà láti 0 dé 1 tó ń sọ bí ìbátan náà ṣe lágbára tó. Chi-square 24, èèyàn 300, àtẹ mẹ́ta sí mẹ́fà: pín 24 fún 600 (300 lọ́nà 2, ìyẹn mẹ́ta dín ọ̀kan), ó di 0.04, gbòǹgbò rẹ̀ 0.2. PHI inú àṣẹ SPSS lókè ń gbé e jáde.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n, Houston
Báwo ni wọ́n ṣe mú àwọn èèyàn 300 náà? Bó bá jẹ́ pé wọ́n yan àdúgbò, tí wọ́n wá wọ ilé bíi mẹ́wàá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn ará àdúgbò kan náà ń pọn omi níbì kan náà. Chi-square lásán kò mọ ìyẹn, á fún ọ ní p tó kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Stata: svyset adugbo, lẹ́yìn náà svy: tabulate omi agbegbe, column. R: svychisq nínú àkójọ àṣẹ tó ń jẹ́ survey. Wò ó bóyá òpó àdúgbò ṣì wà nínú fáìlì rẹ. Bí wọ́n bá ti yọ ọ́, pe àwọn tó gba fọ́ọ̀mù náà lónìí kí wọ́n fi ránṣẹ́, kí o tó ṣe àtẹ kankan.