"Ìtẹ̀rì ṣúgà"? Rárá o, ìjánu ni ká fi sí i

Ẹ̀yin ará mi,

Alàgbà wa tó gbé "ìtẹ̀rì ṣúgà" kalẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a ó máa fi pe iṣẹ́ tí dókítà ń ṣe láti mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ alátọ̀gbẹ (ẹni tí ṣúgà ń pọ̀ jù lẹ́jẹ̀ rẹ̀) wà níwọ̀n, ẹ má bínú sà, n kò gbà. Ẹ ní "rì" yẹn ló gbé adùn ọ̀rọ̀ náà. Èmi ní òun gan-an ló bà á jẹ́. Ohun tí a bá tẹ̀ rì, a ò fẹ́ kó yọrí mọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ ọpọlọ ò lè ṣe láìsí ṣúgà.

Ìyá ìyàwó mi wà lọ́dọ̀ wa ní Kubwa níbí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n gún ínsúlínì, abẹ́rẹ́ tó ń mú ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, wọn ò sì tíì fi nǹkan kan ẹnu. Mo bá wọn létí ibùsùn, bùbá wọn rin gbindin fún òógùn, ọwọ́ ń gbọ̀n, wọ́n ń fi orúkọ àbúrò wọn tó ti kú pe ìyàwó mi. Kóró ṣúgà mẹ́rin la pò mọ́ omi kí ojú wọn tó wálẹ̀. Ṣúgà tó rì nìyẹn, sà.

Ẹ tún wo ìwádìí ACCORD tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Alátọ̀gbẹ 10,251, gbogbo wọn ló sún mọ́ ewu àrùn ọkàn. Wọ́n ń fipá lé HbA1c àwọn kan, ìyẹn ìwọ̀n ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wọn láti bí oṣù méjì sí mẹ́ta, wá sísàlẹ̀ ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n fi ti àwọn yòókù sáàárín 7 sí 7.9. Nígbà tó di 2008, wọ́n dá ìfipálé yẹn dúró láìpé ọjọ́: 257 ti kú níbẹ̀, 203 ló kú lápá kejì. Àwọn tí wọ́n ń torí ọkàn wọn tẹ̀ ṣúgà rì!

N kò ní ká fi ṣúgà sílẹ̀ láìṣọ́ ọ o. Bó bá pọ̀ lẹ́jẹ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ ló ń bàjẹ́, ọkàn ló sì ń jìyà rẹ̀, pàápàá bí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí sìgá bá tún wà ńbẹ̀.

Ìdí rèé tí mo fi ní "ìkóníjàánu ṣúgà". Baba àgbà mi sin ẹṣin ní Ìlọrin. Ìka méjì péré ni wọ́n fi ń di okùn ìjánu mú. Lọ́jọ́ tí mo fà á le, ẹṣin náà gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì sókè. Wọ́n ní, "Dẹwọ́, ọmọ, má jù ú sílẹ̀." Ẹni tó mú "ìkápá" wá ò jìnnà sí i, ṣùgbọ́n apá lè ká nǹkan lẹ́ẹ̀kan kó parí, ìjánu kì í kúrò lọ́wọ́ títí ẹ ó fi sọ̀ kalẹ̀.

Ẹni tó sì ń sọ pé inú "àtọ̀", ti ọkùnrin, ni "àtọ̀gbẹ" ti wá, ta ló kọ́ yín? "À" ni, "tọ̀" tẹ̀ lé e, "gbẹ" tẹ̀ lé "tọ̀": ẹni náà ń tọ̀ títí ara fi gbẹ. Ẹ fi "àjẹyó" àti "àmuyó" wò ó. Àbí àwọn obìnrin tó ní in ńkọ́? Mo ti sọ èyí lẹ́ẹ̀mẹta báyìí, ẹ ò dá mi lóhùn.

Ọmọ Ìlọrin, ní Kubwa