Ẹja inú kòtò yangí: ìbéèrè mi ti yanjú

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Mo bi yín ibi tí èèyàn lè ju ìwọ̀ sí nínú kòtò tí wọ́n ti ń wa yangí tẹ́lẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà Ṣágámù sí Ìjẹ̀bú-Òde, bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀. Ó ti yanjú.

Ẹ̀yin tí ẹ ní kí n fi àárín omi sílẹ̀ lẹ gbà á. Ibi tí àgbàrá ti ń ya wọlé lẹja wà. Omi ibẹ̀ pọ́n bí epo, àgbàrá sì ń gbé ekòló àti kòkòrò wọnú ẹ̀. Mo fi ekòló sẹ́nu ìwọ̀, mo jẹ́ kó dé ìsàlẹ̀ pátápátá, torí ìsàlẹ̀ ni àrọ̀ ti ń fi irùngbọ̀n wá oúnjẹ. Ilẹ̀ ti ń ṣú kó tó gbé e. Okùn mì díẹ̀, ó dúró, ó wá fà lọ gbọọrọ! Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀gún ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ o, ọwọ́ mi ṣì ń ro mí.

Ẹ̀bà tí ẹnìkan dábàá, ẹpìyà kéékèèké ló ń bó o jẹ. Ẹ má sì wọnú omi o: ẹ̀bá kòtò yangí kì í rọra jìn.

Ẹ ṣé gan-an. Mo ti ti ìbéèrè yìí pa.